Wọ́n Ta Ìjà Ẹ̀ṣẹ́, Wọ́n Ta Ohùn Rẹ Mọ́ Ọn

Ọmọ mi Agogo,

Mo kí ọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ti pẹ́ lójú ẹni. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé òrùlé yàrá tí ò ń gbé kò jò? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹkún rí ara wa, kí ó má sì jẹ́ kí ìgboro gbà ọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá, torí ó ti gbà tó ìdajì. Àmín. Èmi wà láàyè. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n káfíńtà wo ni ẹ̀yìn kì í dùn. Àwọn ará àdúgbò ní kí n kí ọ, àwọn tó ṣì rántí ọ nínú wọn.

Ìyá rẹ kò yá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí rẹ, mo ti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, àti lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ lo ní kí n tẹ èjì. Mo tẹ èjì. O ní kí n dúró díẹ̀. Mo dúró. Ìdúró yẹn ló sún mi dé ìdí ìwé yìí, torí ìwé kì í ní kí ènìyàn tẹ ohunkóhun, bí o bá sì fẹ́ dá mi lóhùn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá mú bírò.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bọ̀, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló kó wa dé ibi tí a wà yìí, ìyẹn ìjà ẹ̀ṣẹ́ inú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe ti ojú títì. Ìwọ tí o wà ní kọ́ńpìnnì tó ń fi ìjà hàn, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ti jókòó sọ fún ọ bí ìjà ṣe rìn kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ra ilé máa ń rò pé òun ló kọ́ ọ.

Nígbà tí mo ṣì lágbára, ìjọba ló ni ìjà ẹ̀ṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè wa, inú gbọ̀ngàn ìlú ló wà. Èmi ni mo kan àpótí tí wọ́n gbé e sí, àpótí tó ní ilẹ̀kùn kékeré méjì àti àgádágodo, èmi náà ni mo kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Bí ọjọ́ ìjà bá pé, Kọ́kọ́rọ́ á fọ ọwọ́, á wọ bàtà, á wá ṣí ilẹ̀kùn àpótí yẹn bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn ààfin. Kò sí ẹni tó sanwó, kò sí ẹni tó bi wá pé ta ni wá. Àwòrán ò ní àwọ̀ nígbà náà. Ẹnìkan á wọ ṣòkòtò dúdú, ẹnìkan á wọ funfun, a ó ti pín ara wa sẹ́yìn àwọn méjèèjì kí agogo tó lù, a ó sì jà á tán kí a tó dé ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá rẹ. Òun nìkan ni obìnrin tó máa ń wá, tààrà láti ìdí áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo wa ló sì máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan ó pariwo pé kí oníṣòkòtò funfun gbé ọwọ́ òsì sókè, pé ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé obìnrin yìí rò pé àwọn tó wà nínú àpótí ń gbọ́ òun ni. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wọn tí oníṣòkòtò funfun fi nà gbalaja. Gbogbo orí yí sẹ́yìn láti wo obìnrin náà. Àwọn yòókù yí tiwọn padà síwájú, èmi ò yí tèmi padà títí di òní.

Bí a ṣe ń jẹ ayé wa lọ, ìjọba ní owó ò sí mọ́. Wọn ò sọ fún wa o. Kọ́kọ́rọ́ fọ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó ṣílẹ̀kùn, ni a bá rí ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ òwú, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti irú kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀. A jókòó tì í. A rò pé tó bá sọ tòwú tán ni yóò pe àwọn oníjà jáde. Ó sọ̀rọ̀ òwú dé òpin, ó kí wa pé ó dàárọ̀, àwòrán sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn la tó gbọ́ pé olówó kan ti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, pé ó ti ra ìjà ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Mo bi Kọ́kọ́rọ́ pé kí ló rà gan-an. Bí mo bá ta àga, àga á kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníjà ṣì wà níbi tí wọ́n wà, ẹ̀ṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kí wá ni olówó yìí dì sínú àpò gbé lọ? Kọ́kọ́rọ́ ò mọ̀. Ìyá rẹ ló dáhùn, ó ní ojú tiwa ni wọ́n tà. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kọ́kọ́rọ́ ti darúgbó báyìí, ó ṣì so kọ́kọ́rọ́ àpótí náà mọ́ ìdí, bẹ́ẹ̀ inú àpótí ọ̀hún ni adìyẹ rẹ̀ ń yé sí.

Tẹlifíṣọ̀n olówó yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó jìnnà débi pé kì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi bí èèyàn bá ri òpó gíga mọ́lẹ̀, kó so irin áńtẹ́nà sí orí rẹ̀. A ra tẹlifíṣọ̀n tiwa, mo ri òpó sí ẹ̀yìn ilé, ìwọ lò ń yí i. Ìwọ á wà níta, àwa á wà nínú ilé, wàá pariwo láti ojú fèrèsé pé ṣé ó ti mọ́, ìyá rẹ á ní kí o yí i díẹ̀ sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀, kí o fi í síbẹ̀, kí o má tilẹ̀ mí. O kì í rí ìjà. Ìyá rẹ ló ń ròyìn rẹ̀ fún ọ láti ojú fèrèsé, ẹ̀ṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ìwọ náà á máa tún un sọ sókè fún àwọn aládùúgbò tí kò ní òpó, ohùn rẹ á dún dé ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Agogo. Ìgbà tí o wá kọ̀wé sí wa pé kọ́ńpìnnì ńlá kan gbà ọ́ síṣẹ́ nítorí ohùn rẹ, ẹnu ò yà wá rárá, òpó ẹ̀yìn ilé la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

O ti lọ tán nígbà tí àwọn onídíìṣì ra ìjà lọ́wọ́ olówó. Òpó wa di ibi tí ìyá rẹ ń sá aṣọ sí. Bàbá Oníwòran, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìkòríta, gbé díìṣì sórí òrùlé, ó ta aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà má bàa fi ojú jí ìjà rẹ̀ wò, ó sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo kan bẹ́ǹṣì rẹ̀ ń sanwó kí n tó jókòó lé e. Ó tún kù. Ní ọjọ́ ìjà ńlá kan, a ti sanwó, a ti jókòó, ni nǹkan bá kọ̀wé sójú tẹlifíṣọ̀n pé ìjà tòní kò sí nínú káàdì. Bàbá Oníwòran ṣàlàyé fún wa pé ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni a sanwó rẹ̀, pé a kò tíì sanwó ìjà yìí. Mo ní irú ọgbọ́n wo nìyẹn. Kí n ta àga fún èèyàn, kí ó fẹ́ jókòó, kí n wá sọ fún un pé owó ẹsẹ̀ àga ló san, kò tíì san ti ìjókòó. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún dá owó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìròyìn dé pé kọ́ńpìnnì tìrẹ ló ra ìjà lọ́wọ́ onídíìṣì, ìyá rẹ wọ aṣọ tó dára, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ní ìjà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ òun, ìjà ti délé. A rò pé a ó kàn dárúkọ ara wa lẹ́nu ọ̀nà ni. Bàbá Oníwòran tí kì í kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ fìlà fún mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé e padà.

A ò tíì wo ẹyọ ìjà kan nínú tiyín tí ìyá rẹ fi ṣubú. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni, áyọ́ọ̀nù bọ́ sórí kóòtù ẹni ẹlẹ́ni, ó dá ihò sí i, òun náà sì wó tì í. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì di bàìbàì. Nígbà tó tún lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀ṣẹ́ tí òun ò rí ni, pé èyí téèyàn rí kì í gbéni ṣubú. Dókítà ní kí a máa fi í lọ́kàn balẹ̀. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀ kí ó lè máa gbọ́ ariwo ọ̀nà. Ohun méjì ló ń béèrè lọ́wọ́ mi, ìwọ àti ìjà.

Tìrẹ ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Nọ́ńbà rẹ tí a mọ̀ ò lọ mọ́. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ó wà, ọmọ mi ló ni ín, ó tún sọ pé kò sí, ó sì kọ̀ láti sọ ibi tí o kó lọ. O pààrọ̀ nọ́ńbà, o ò sọ fún àwa tó bí ọ. Mi ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn nínú ìwé yìí. Mo fẹ́ kí ó máa jẹ ọ́ lọ́kàn fúnra rẹ̀.

Ni mo bá kọjú sí ìjà, mo lọ bá Ẹnjinía, ọkùnrin apárí tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní inú fóònù ni ìjà wọ̀ báyìí, pé kí n forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Mo ní mi ò ní àṣírí kankan tí ìyá rẹ kò mọ̀. Ẹnjinía ní kí n dá ọ̀kan sílẹ̀. Mo dá a sílẹ̀, wọ́n ní kò lágbára tó. Mo wá òmíràn, wọ́n ní kí n tún un sọ, bẹ́ẹ̀ àṣírí téèyàn sọ lẹ́ẹ̀mejì ti di ìròyìn. Wọ́n wá ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo bọ́ fìlà, mo gbé ọwọ́ sókè níwájú fóònù, mo jẹ́rìí. Ẹnjinía ní títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní àwọn ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí n fi wọlé. Mo délé, mo gbé àga síwájú ilé, mo ń retí ẹni tó máa mú iṣẹ́ náà wá títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀rọ̀ mi ti sú Ẹnjinía, ó bá ní kí n kúkú pe kọ́ńpìnnì yín, ó sì tẹ nọ́ńbà yín fún mi.

Ìwọ lo gbé e. Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù sílẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ohùn tó ń dún dé ojú ọ̀nà nígbà yẹn ni. O kí mi káàbọ̀, o ní inú yín dùn pé mo pè, o ní oníbàárà yín ọ̀wọ́n ni mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lo fi sọ ọ́. Mo ní Agogo, èmi bàbá rẹ ni, ìyá rẹ ṣubú. O ní bí mo bá fẹ́ sanwó, kí n tẹ ení. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, apá òsì rẹ̀ ti kú. O ní bí àwòrán mi ò bá mọ́, kí n tẹ èjì. Mo ronú sí i. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀gá rẹ ló dúró tì ọ́, pé wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí o fi ń fi òwe bá mi sọ̀rọ̀. Nítorí ojú ìyá rẹ tó di bàìbàì, mo gbà pé èjì ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Mo tẹ èjì. O ní kí n dúró díẹ̀, pé wọn ó dá mi lóhùn láìpẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbọ́ orin títí owó orí fóònù mi fi tán.

Mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún ìyá rẹ bí mo ṣe gbà á, pé o ní kí a dúró díẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ò ń bọ̀ nìyẹn. Ó ní kí n yí bẹ́ẹ̀dì òun kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo yí i. Mo gbá yàrá rẹ, mo fi ìdè tuntun sí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ti ń wọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró ní ìkòríta, ìyá rẹ á ní kí n lọ wò. Mo lọ wò wọ́n títí àwọn awakọ̀ fi ń bi mí bóyá ẹrù ni mò ń retí. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Mo tún ra káàdì, mo pè ọ́ nílé, mo gbé e sí ìyá rẹ létí kó gbọ́ ohùn rẹ, lẹ́yìn náà mo gbà á, mo tún pè ọ́ níta. O tún kí mi káàbọ̀ bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo ní ìyá rẹ ò jẹun dáadáa mọ́, o ní kí n tẹ ení. Ohùn rẹ ò gbọ̀n, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Inú bí mi, mo sì bú ọ. Mo sọ ohun tí bàbá kì í sọ fún ọmọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pè yín.

Mo fẹjọ́ rẹ sun Ẹnjinía. Mo ní ìgboro ti gba ọkàn ọmọ mi, ó fi igi gbígbẹ sípò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé fóònù tó ń tún ṣe sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ìwọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mú ọ jókòó sínú yàrá kan, o sọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbà á sínú ẹ̀rọ, ẹni yòówù kó pè, òun ni yóò gbọ́. Ó ní o lè máa sùn lọ́wọ́, o lè má tilẹ̀ sí ní kọ́ńpìnnì náà mọ́. Rédíò la máa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, mi ò mọ̀ pé ọmọ tèmi náà ti di ọ̀kan. Èyí tó tún dùn mí níbẹ̀ ni ẹ̀rí tí wọ́n gbà lẹ́nu mi. Èmi àgbàlagbà jẹ́rìí fún wọn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, àwọn ò jẹ́rìí kankan fún mi nípa tìrẹ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà rò nídìí iṣẹ́. Mo ní ohùn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ń fún ènìyàn. Bí wọ́n bá gba tìrẹ, tí wọ́n ń fi kí gbogbo ayé láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó lè jẹ́ pé kì í kù mọ́ nígbà tí o bá délé, pé ìyẹn ni o ò fi pè wá láti ọjọ́ yìí. Ara tù mí díẹ̀. Mo lọ bi Ẹnjinía léèrè. Ó ní rárá, kì í tán, ohùn rẹ ṣì pé lọ́rùn rẹ. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kó ní ó ti tán. Bí kò bá tán, kí ló dé tí o ò pè?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sí òun létí, torí ohùn yẹn kì í mí. Ó ní ìwọ máa ń fa èémí kí o tó pariwo, òun máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Ṣùgbọ́n ó ní kí n ṣáà máa pè é. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń pè yín, mo máa ń gbé e sí i létí. Ò ń kí i káàbọ̀, òun náà á kí ọ. Ó ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O ní kí ó tẹ ení, ó ní òun ti gbọ́. Tí o bá wá ní kí ó dúró díẹ̀, á ní òun ń dúró, kí o má ṣe ìyọnu. Mi ò lè jókòó gbọ́ ìyẹn, mo máa ń bọ́ síta.

Wọ́n ti tún ta ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ẹnjinía ló kà á fún mi, pé kọ́ńpìnnì mìíràn ti rà á lọ́wọ́ tiyín. Mo ní kí ni ìyẹn kàn mí mọ́, mi ò rí ìjà kankan wò lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pè, tí obìnrin kan sì gbé e dípò rẹ. Ohùn tirẹ̀ náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kí wa káàbọ̀ sílé tuntun ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ìyá rẹ gbọ́ ọ dé òpin, ó fi ọwọ́ ti fóònù kúrò, ó ní èyí kì í ṣe ọmọ òun, pé mo ṣi nọ́ńbà pè. Mo tún un pè níṣojú rẹ̀, obìnrin yẹn náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, mo sì bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ bá wa mú ti tẹ́lẹ̀ padà, kì í ṣe ìjà la fẹ́. Ó ní kí n tẹ ení.

Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ ò béèrè ìjà mọ́, kò sì béèrè ìwọ. Ọkọ̀ ń dúró ní ìkòríta, kò ní kí n lọ wò ó. Ó ní kí n dá bẹ́ẹ̀dì òun padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí òun máa kọjú sí ògiri. Mi ò tíì dá a padà, irọ́ ni mò ń pa fún un pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Agogo. Èmi àti ìyá rẹ ti wo ìjà pọ̀ tó láti mọ ìgbà tí ẹni tó wà nílẹ̀ ń mí kó tó dìde, àti ìgbà tí kò ní in lọ́kàn láti dìde mọ́.

Lẹ́tà òbí kì í parí láìtọrọ owó, èmi náà yóò tọrọ tèmi. Owó ọkọ̀ ni mò ń tọrọ, láti ìgboro dé ìkòríta wa. Má fi ránṣẹ́ sí mi, awakọ̀ ni kí o kó o fún. Má ra oògùn, má di ẹrù, má sì wá nọ́ńbà tuntun tí a ó máa pè. Mo bi Ẹnjinía pé níbo ni wọ́n ń kó ohùn sí tí wọn ò bá lò ó mọ́, ó ní wọ́n máa ń pa á rẹ́ ni. Mi ò gbà á gbọ́, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa ń sun pákó tó ṣì dára. Mo gbà pé wọ́n ti dá a padà fún ọ. Gbé e wá sílé. Kò pọn dandan kó dùn bí ti ibi iṣẹ́, kó há, kó ṣe wọ́kọwọ̀kọ, kó ṣáà ti máa mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Ilé tí o bá pè á jẹ́ ọ. Ọmọ tí ìwọ náà bá bí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi máa kí ọ, kò ní rán ẹ̀rọ sí ọ lọ́jọ́ tí o bá ṣubú, o ò sì ní í ṣubú. Àmín.

Bí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn, mi ò tì í. Má dúró bi mí ní ìbéèrè lójúde, kọjá lọ bá ìyá rẹ. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni kí o jókòó sí, torí ọwọ́ yẹn ló ṣì lè dì ọ́ mú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.